Ẹnu Tí Mo Gbà Padà Lọ́wọ́ Màmá

Ìró àlùmọ́gàjí ni mo gbọ́ láti inú yàrá ní àárọ̀ Sátidé, tí mo fi gbàgbé pé orúnkún ń dùn mí. Mo mọ ìró náà dáadáa. Àlùmọ́gàjí tó ń gé aṣọ a máa lọ wẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kì í bìkítà. Èyí tó ń gé bébà líle tó ń dán a máa ké kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ bí eku inú àjà. Mo jáde sí pálọ̀. Títí, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ará ilé wa síwájú, ó sì ti gé orí akọ̀wé ẹgbẹ́ kúrò lọ́rùn.

"Kai! Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?"

"Wallahi, Màmá àgbà, ti ọdún tó kọjá ni. Asáínmẹ́ǹtì ni. Wọ́n ní ká gé àwòrán, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí."

Wallahi! Ọmọ díákónì ń búra wallahi. Barkin Sale níbí, láàárín àwọn Hausa, ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, bí mo bá fi òwe bá a wí, ìyá rẹ̀ ni yóò kọjú sí, yóò bi í pé, "Me ta ce?", pé kí ni mo wí. Mo na ọwọ́ kí n gba àlùmọ́gàjí náà. Ọwọ́ mi dé ibẹ̀, kò gbà á. Mo wá ibi kan jókòó sí. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ náà ni mò ń bínú sí. Ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí àti kàlẹ́ńdà ti wà láàárín èmi àti ìyá mi kí n tó bí bàbá Títí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń ya fọ́tò oúnjẹ kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ kò lè mọ ohun tí kàlẹ́ńdà jẹ́ nígbà náà. Sauka Kahuta la ń gbé, nígbà tí ilé ibẹ̀ kò tíì pọ̀, tí ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lè ka iye ewúrẹ́ tó kọjá títí yóò fi sú u. Páànù àti ìṣó ni bàbá mi ń tà. Kì í ra àwòrán, kì í ra òdòdó oníke. Kàlẹ́ńdà ni ẹ̀ṣọ́ pálọ̀ wa. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò náà a máa ṣe ìpàdé ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìsìn, láti ilé kan dé èkejì, lọ́dọọdún a sì máa tẹ kàlẹ́ńdà tiwa. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ni yóò wà láàárín, fọ́tò tiwọn á tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, àwọn tó kù á wá yí wọn ká wẹ́wẹ́. Bàbá mi a kan tiwa mọ́ ògiri nítòsí àjà, débi pé ọrùn gbọ́dọ̀ ro ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Kì í sì yọ ti èṣí kúrò. Ti ọdún tuntun ni yóò fi bo ti ọdún tó lọ, lórí ìṣó kan náà, bẹ́ẹ̀ ìṣó kò wọ́n wa.

Àlejò tó bá wọlé, kó tó kí onílé tán, ojú rẹ̀ ti gòkè lọ wá ara rẹ̀. Bó bá rí ara rẹ̀, a tún fìlà ṣe. Mo ti rí i tí pásítọ̀ pàápàá ṣe é.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, àlùmọ́gàjí rẹ̀ ńlá sì máa ń wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi gé nǹkan mìíràn àfi aṣọ. Bébà a máa jẹ́ kí ẹnu àlùmọ́gàjí kú, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Mo fi gé èèpo ìwé mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Ìgbátí tí mo jẹ níjọ́ náà, bí mo bá ronú kàn án, etí mi ṣì ń hó.

Àwa méjì ni ìyá mi bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, kì í jókòó, kì í dákẹ́, gbogbo nǹkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí ẹnìkan bá sín, á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń sunkún, á rẹ́rìn-ín, mo sì ti torí ẹ̀ fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ rí. Nígbà ọyẹ́ ni ibà mú un. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ti ilé ìwé dé, wọ́n ti sin ín.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà rèé: wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Àwọn obìnrin àdúgbò wọlé, wọ́n kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, ife tó fi ń mu ògì, títí kan ẹní tó sùn lé. Wọ́n ní kí ojú má bàa máa rí ohun tí yóò da ọkàn rú. Orúkọ rẹ̀ náà di èèwọ̀ nínú ilé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é létí ìyá rẹ̀. A kò sì ya fọ́tò rẹ̀ rí. A ti ń sọ pé a ó yà á lọ́jọ́ Àjíǹde, pẹ̀lú aṣọ tuntun. Àwọn tó wá ṣe "ẹ kú ará fẹ́ra kù" ń wí ohun kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi orí: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ẹni keje tàbí ẹni kẹjọ ló wí i kí ìyá mi tó dá a lóhùn pé, "Ta ló bi yín léèrè agbè?" Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe é, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́.

Ó pa ìránṣọ tì. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ bí òkìtì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá a lórí àpótí, àlùmọ́gàjí rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kan bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi gé páálí ṣúgà! Ó ti po sítáàṣì sínú abọ́. Mo dúró, mò ń wò ó, mò ń retí kó fi ìgbátí náà gbá ara rẹ̀ létí.

Ohun tó ń ṣe kò kọ́kọ́ yé mi. Ó gé páálí fífẹ̀ kan tó ìwé ìkọ̀wé méjì. Ó da àpò ìrépé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣa aláwọ̀ ewé kan jáde nínú rẹ̀. Mo mọ aṣọ náà. Aṣọ Kérésì àbúrò mi ni. Àwọn obìnrin náà kó ẹ̀wù lọ, wọn ò rántí pé aránṣọ a máa tọ́jú ìrépé. Ó gé e bí ẹ̀wù kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ó fi ìrépé aṣọ dúdú ṣe irun. Apá àti ọrùn jẹ́ èèpo páálí tíì, nítorí ó ní pupa rẹ̀ sún mọ́ pupa ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ojú ló kù.

"Ó ń sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́," ó wí. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò wò mí. "Lánàá mo rántí bí imú rẹ̀ ṣe rí. Lónìí mo jí, mi ò rántí mọ́. Bí n kò bá rí ojú rẹ̀ mú báyìí, mo ti pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Ó gun àga, ó gbé ojú sókè sí kàlẹ́ńdà.

Ṣé ẹ rí i, Bàbá Alága ẹgbẹ́ wa àti bàbá mi, ọmọ ìyá kan náà ni bàbá tó bí wọn. Ẹyinjú kan náà ló wà nínú ìdílé náà, ó rọra tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi pé oorun ń kùn wọ́n. Àbúrò mi ní i. Ìyá mi ṣí ti ọdún yìí, ó ṣí ti èṣí, ó lọ wá Bàbá Alága nínú ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó yọ ojú ọ̀tún rẹ̀. Aáyán ti jẹ ojú òsì níbẹ̀, nítorí náà ó yọ ti ọwọ́ òsì lára ti ọdún yìí, lójú gbogbo ayé. Imú Ìyá Ẹgbẹ́ ló mú, nítorí pé ó rí rògòdò. Ojú kan tóbi ju èkejì lọ. Etí náà kò dọ́gba. Ó ń lẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń tún un lẹ̀. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lórí rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ta ló ń se ọbẹ̀? Èmi. Ta ló ń lọ fa omi? Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi á jẹun, á padà sídìí páànù rẹ̀. Mo lè dúró síwájú ìyá mi kí n wí pé mo gba ipò kejì ní kíláàsì, á ní "o ṣeun," ojú rẹ̀ á wà lórí páálí. Ó sú mi dé góńgó. Èmi tí mo wà láàyè ní ojú, ní imú, ní etí méjèèjì, kò sì wò mí.

Ó wá ku ẹnu. Ó gbé ẹnu bí mẹ́fà wò, kò sí èyí tó bá a mu. Nígbà náà, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò kò gbọ́n. Gbogbo àgbà ẹgbẹ́ ló fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó ń mu àgbo. Ẹnu ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ni ìyá mi ń wá. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ní ilé wa. Èmi ni. Lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, wọ́n wọ aṣọ funfun fún mi, wọ́n ní kí n dúró gbọn-in, fìlà ẹni tó ń ya fọ́tò ṣàdéédéé bọ́ sínú gọ́tà, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyẹn, nínú férémù, lórí tábìlì.

Mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo rí férémù. Aṣọ funfun wà níbẹ̀, ojú wà, imú wà. Ihò ló wà níbi ẹnu.

Mo ké, mo yí nílẹ̀. Ìyá mi wò mí bíi pé ó yà á lẹ́nu. "Ẹnu yín bákan náà ni," ó wí, ó ń rọra wí i, bíi pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ilé wa ni ìpàdé kàn. Bàbá Alága ló kọ́kọ́ wọlé, ó fi ẹsẹ̀ kan lé pálọ̀, ó gbé ojú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti dé fìlà tó fẹ́ tún ṣe. Ó dúró síbẹ̀.

"Yéè! Ojú mi! Wọ́n ti yọ mí lójú!"

Kí n má purọ́ fún yín, ojú òsì ọkùnrin náà ti ń ṣomi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, eruku ọyẹ́ ló fà á, gbogbo wa lojú ń ṣomi. Ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ sọ ìyẹn fún? Gbogbo wọn rọ́ wọlé, kálukú ń wá ara rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ rí i pé òun ò nímú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ó sín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Akápò rí i pé etí òun kan ti lọ, ó ní abájọ tí etí náà fi ń dún. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" gba gbogbo pálọ̀. Ẹnìkan ní kí wọ́n pe pásítọ̀ wá. Òmíràn ní ẹni tó bá ń gé ojú èèyàn nínú fọ́tò, a mọ ohun tó ń fi í ṣe. Bàbá mi, tí kò mọ nǹkan kan, ń búra, òógùn bò ó. Ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Èmi ni mo sọ ọ́. "Màmá ni," mo wí. "Ó gé ẹnu tèmi náà." Mo sì lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, mo fa páálí náà jáde, mo gbé e síwájú wọn.

Bàbá Akápò ní kí wọ́n jó o lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé wọ́n jókòó. Bàbá mi ti ń wá ìṣáná. Ìgbà yẹn ni ìyá mi dìde. Ó gba páálí náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì àárín.

"Ẹ má wulẹ̀ jó o," ó wí. "Kí kálukú wá mú tirẹ̀. Sítáàṣì lásán ni mo fi lẹ̀ ẹ́, èékánná á ṣí i. Bàbá Alága, ojú yín rèé."

Bàbá Alága súnmọ́ ọn tìbínú-tìbínú. Ó na ìka, ó fi èékánná kan etí ojú òsì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Ó dá dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà tó máa ń ṣí fìlà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé, tó máa ń gbé e sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ló wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà, tó ń wò ó láti orí tábìlì. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ìyàwó, fi í sílẹ̀," ó wí. "Èkejì tó mi lò."

Ìyá Ẹgbẹ́ kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá, ó ti ń sunkún. Akápò ní kí ni òun fẹ́ fi etí bébà ṣe. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ìyá mi wá yíjú sí mi. Kò bínú, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, kò bínú rárá. Ó ní, "Ìwọ náà, wá mú tìrẹ."

Mo sì mú un. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ kò lè mú tiwọn, èmi nìkan ni mo mú. Mo ki èékánná bọ abẹ́ ẹnu náà, mo fà á tipátipá, páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá a ya lọ. Ihò gbàgàdà kan ṣí sílẹ̀ láti ojú dé ẹ̀yìn. Ìyá mi gbé àwòrán náà padà sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé.

Mo fi sítáàṣì lẹ ẹnu mi padà sínú fọ́tò. Ó wọ́. Títí dòní, mò ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tí ọdún tuntun dé, Bàbá Alága mú kàlẹ́ńdà méjì wá fún wa. Ó ní ọ̀kan fún ògiri, ọ̀kan fún àlùmọ́gàjí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà sídìí iṣẹ́. Kò bímọ mìíràn, kò sì wá ẹnu mìíràn sí àwòrán náà.

Mo dàgbà, mo di olùkọ́, mo lọ́kọ, mo bímọ. Bí mo bá lọ kí ìyá mi, lẹ́yìn oúnjẹ, á mú àwòrán náà jáde. Á gbé e sókè láàárín èmi àti òun, á di ojú kan, á ní, "Rẹ́rìn-ín kí n rí." Ẹ gbà mí o! Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ náà ló fi ń bú mi. Mo rò pé ihò yẹn ló ń fi hàn mí, pé wo ohun tí o ṣe. Mo máa ń fajú ro kankan. "Màmá, ẹ̀rín wo? Mo níṣẹ́ lọ́wọ́." Ọdún dé, ọdún lọ, ohun kan náà. Níkẹyìn mo ń fi ìkíni sílẹ̀ nígbà mìíràn torí rẹ̀.

Nígbà tó darúgbó, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Maitumbi, níbi tí mo ń gbé nígbà náà. Ó ti ń gbàgbé nǹkan, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ń pè mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbójú sókè, páálí náà ti wà lókè. "Rẹ́rìn-ín kí n rí."

Mo bú jáde. "Màmá, haba! Ó ti pé ogójì ọdún! Bí ẹ bá fẹ́ dárí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn jì mí, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ fún mi! Ó ti sú mi!"

Ó sọ páálí náà kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, ó ń wò mí. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo?" ó wí. "Àbúrò rẹ ni mo fẹ́ rí. Bí mo bá gbé e sókè báyìí, ẹnu rẹ a bọ́ sójú ihò yìí, á pé. Ṣùgbọ́n o kì í rẹ́rìn-ín. Òun sì máa ń rẹ́rìn-ín."

Mo gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo rín tàbí ẹkún, ṣùgbọ́n mo fi eyín hàn. Ó di ojú kan. Ó sún páálí náà sósì díẹ̀, ó tún sún un padà. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.

"Oyèlékè," ó wí. "Oyèlékè ọmọ mi."

Àwọn obìnrin tó kó aṣọ rẹ̀ lọ níjọ́sí fẹ́ kó gbàgbé, wọn kò ṣebi. Lónìí, fọ́tò Títí nìkan nínú fóònù bàbá rẹ̀, kò sí ẹni tó lè kà á tán, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Wọ́n ní kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ pàápàá, orí fóònù ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí wa láìpẹ́. Kí wọ́n máa fi í ránṣẹ́. Ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ yóò ṣì máa wá ojú rẹ̀ kiri nínú ojú ẹlòmíràn, ìyẹn kò ní yí padà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyá mi kú. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tó fi ń tọrọ ẹ̀rín lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fún un.